Fíùsì Kì Í Jó Lásán

Ilé tí èèyàn máa wọ̀ láàárín wa tí kò ní bá ẹ̀rọ kan tó ti dákẹ́ níbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n. Fáànù á wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á ti fi aṣọ kọ́ ọ lọ́rùn. Rédíò á wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, eruku á ti bò ó. Tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́, èyí tó yọ ikùn sẹ́yìn, á ti di ibi tí wọ́n ń gbé tuntun lé. Tí ẹ bá bi onílé pé kí ló fẹ́ fi í ṣe, á ní, "A máa tún un ṣe tó bá yá." Mi ò bá wọn wí. Ìran tó ń gán igbá tó bá fọ́ ni wá, kì í rọrùn fún wa láti sọ ohun tí a fowó rà nù torí pé ó dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ni onílé fúnra rẹ̀ lè jí dìde, tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò.

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ni mo kọ́, òun náà ni mo fi ń jẹun ní Ìbàdàn títí di òní. Ìlú yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí ìjọba níbẹ̀. Látìgbà tí àpótí tó ń sọ̀rọ̀, tó tún ń fi àwòrán hàn, ti wọ àárín ìlú ni ẹni tó mọ inú rẹ̀ ti di ẹni tí wọ́n ń wá kiri. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan gbà pé kò yẹ ká máa la oníbàárà lójú sí iṣẹ́ yìí, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe nílé kò ní wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Èrò tèmi kò lọ síbẹ̀. Oníbàárà tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí fáànù rí mọ ohun tó ń sanwó lé lórí. Kì í yọ oníṣẹ́ lẹ́nu, oníṣẹ́ náà kò sì lè rẹ́ ẹ jẹ. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn máa dán an wò nílé. Kí wọ́n ṣáà dán an wò bó ṣe yẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ẹ̀rọ kú, wọ́n ṣí i, wọ́n rí fíùsì tó jó, wọ́n ra tuntun, wọ́n fi sí i, wọ́n tan iná. Pàá! Tuntun náà jó. Wọ́n á ní fíùsì tí àwọn rà kò dáa. Fíùsì yẹn dáa. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ fi sí ibẹ̀ ló ṣe: iná tó ju agbára ẹ̀rọ lọ ń kọjá, ó já kí iná náà má baà ráyè dé inú. Fíùsì ló kú, ṣùgbọ́n ohun tó pa á ṣì wà nínú ẹ̀rọ, tàbí lára ògiri, tàbí lórí òpó iná níta. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan fi fíùsì tuntun sínú ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wá sọ ohun tó jó ti àkọ́kọ́. Tí o ò bá tíì mọ̀ ọ́n, á ní kí o padà lọ jókòó tì í.

Màmá kan gbé tẹlifíṣọ̀n wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló bá a gbé e. Ọmọ náà ti ṣí i nílé, ó sì di gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré kan. Inú mi dùn sí i. Ẹni tó bá tọ́jú nọ́ọ̀tì ní làákàyè iṣẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá."

"Ẹ káàbọ̀ mà. Kí ló ṣe é?"

"Ó kàn kú ni o."

"Ṣé iná ti wà nílẹ̀ nígbà tó kú, àbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un dé ni, mà?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un dé ni. Mo tiẹ̀ gbọ́ tí nǹkan ké pàá nínú ẹ̀."

"Gílóòbù ilé yín ńkọ́?"

Màmá wo ojú ọmọ rẹ̀. Ọmọ ló dáhùn: "Gílóòbù pálọ̀ jó, sà. Ti kọ́rídọ̀ náà jó lálẹ́ ọjọ́ yẹn."

Mi ò tíì fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n náà tí mo ti mọ ibi tí mo máa wò. Létí ibi tí iná ti ń wọ inú pánẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn fíùsì gan-an, nǹkan kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tó rí roboto, tó sì pẹlẹbẹ, tó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù tàbí ti yẹ́lò, ó ní ẹsẹ̀ méjì. Fárísítọ̀ là ń pè é. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà níwọ̀n, kò ní dá sí i rárá. Tí iná bá ti ga kọjá ààlà, á ṣílẹ̀kùn fún un, á jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pàdé, iná púpọ̀ á ya gba inú rẹ̀, fíùsì á sì jó. Ó fi ara rẹ̀ kú kí pánẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè yè. Nínú tẹlifíṣọ̀n màmá, ó ti là sí méjì, èéfín dúdú sì ti yí i ká. Fíùsì tuntun tí ọmọ náà ti rà nílé kò lè dúró, torí ẹsẹ̀ fárísítọ̀ náà ti lẹ̀ mọ́ra wọn. A pààrọ̀ méjèèjì, a yẹ ìyókù wò, tẹlifíṣọ̀n jí. Àmọ́ mo bẹ màmá pé kí wọ́n má ṣe tíì fi í sí iná nílé, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ pe àwọn òṣìṣẹ́ iná wá wo orí òpó.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Iná tó yẹ kó máa wọ ilé wa, fóltì 230 ni. Wáyà mẹ́rin ló sábà máa ń wà lórí òpó àdúgbò: mẹ́ta jẹ́ fésì, ìkẹrin ni niútírà, èyí tí gbogbo ilé jọ ń lò láti dá iná padà. Láàárín fésì kan sí niútírà, 230 lẹ máa bá níbẹ̀. Láàárín fésì kan sí fésì kejì, ó ń lọ sí bíi 400. Tí ìjì bá já niútírà, tàbí tí ibi tí wọ́n so ó mọ́ bá ti dípẹtà, iná fésì méjì á wá máa gba inú ilé yín àti ilé aládùúgbò kọjá sára wọn. Ilé tó ń lo nǹkan púpọ̀ lásìkò náà ni iná á rẹ̀ sílẹ̀ fún, ilé tí kò tan ju gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n lọ ni iná àpọ̀jù á ya lù. Àmì rẹ̀ kì í fara sin. Gílóòbù tiyín á mọ́lẹ̀ ju bó ṣe máa ń mọ́lẹ̀ lọ, fáànù á máa fẹ́ lọ́nà tí kì í gbà fẹ́ tẹ́lẹ̀, gílóòbù ilé kejì á sì wálẹ̀. Ẹ má dúró máa wò ó. Ẹ lọ pa iná láti ìdí mítà lójú ẹsẹ̀.

Láìsí pé wáyà kankan já, ìgbà tí wọ́n bá ń dá iná padà gan-an léwu. Ìlà tó ti ṣófo fún wákàtí mélòó kan, gbogbo fíríìjì, fáànù àti ẹ̀rọ ìfami àdúgbò á jọ máa fà á lẹ́ẹ̀kan náà, iná á lọ sókè, á wálẹ̀, á tó rójú. Ẹni tó bá yọ púlọ́ọ̀gì nígbà tí iná lọ, tó sì ní sùúrù ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí iná dé kó tó dá a padà, ti ṣe àtúnṣe tó dára jù lọ, torí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní bàjẹ́ rárá. Àǹfààní rẹ̀ fún fíríìjì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ kò lè gbéra nígbà tí afẹ́fẹ́ tó fún mọ́nú kò bá tíì rọlẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ púlọ́ọ̀gì tí mo ń ṣí, bébà dídán inú páálí sìgá ni mo ń bá nínú rẹ̀ dípò fíùsì, tàbí wáyà bàbà tí wọ́n wé síbẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò yìí, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 1947 ni wọ́n gbé ìlànà rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní BS 1363, jáde, ó sì wà nínú ìlànà náà pé fíùsì gbọ́dọ̀ wà nínú púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nídìí fáànù tàbí rédíò kò lè gba iná tí wáyà inú ògiri lè gbà. Fíùsì áńpìà 3 ni ti ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀, 13 ni ti áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tù. Nígbà tí wọ́n bá ti fi bébà sìgá síbẹ̀, kò sí ohun tó máa já mọ́ bí wáyà bá ṣọ́ọ̀tù. Wáyà náà á gbóná títí rọ́bà ara rẹ̀ á fi yọ́, tí iná á fi mú kápẹ́ẹ̀tì tàbí kọ́tìnnì. Fíùsì kò wọ́n. Kò sí àwáwí kankan tí mo lè gbà fún ẹni tó ń fi bébà sìgá rọ́pò rẹ̀ nínú ilé tí ọmọ ń sùn sí.

Bí ẹ̀rọ yín bá sì jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà kí ẹ tó fi í sí iná rárá. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóltì 120, ti Jàpáánù jẹ́ 100. Tí wọ́n bá kọ 100-240 sí i lára, kò sí ìṣòro. Tí ó bá jẹ́ 120 nìkan tàbí 100 nìkan ló wà níbẹ̀, tí ẹ sì gbé e sójú iná tiwa, ẹ ò ní lò ó ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Tíránsífọ́mà tó ń já iná wálẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ rà.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú sùkúrùdíráfà, kó yẹ ohun tó wà níta ẹ̀rọ wò dáadáa. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé wá bá wa, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ́kísítẹ́ńṣọ̀n ni kò gbé iná mọ́, tàbí wáyà já nínú púlọ́ọ̀gì, tàbí ṣájà kú. Ẹ gbé ẹ̀rọ mìíràn tí ẹ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ sí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ ó mọ̀ bóyá sọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Tí tẹlifíṣọ̀n kò bá dáhùn sí rìmóòtù, ẹ tan kámẹ́rà iwájú fóònù yín, ẹ kọjú orí rìmóòtù sí i, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì kan. Rìmóòtù tó bá ń ṣiṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ kan á máa ṣẹ́jú lórí rẹ̀ nínú kámẹ́rà, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Bí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá wà, ẹ má da rìmóòtù láàmú mọ́, inú tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà. Bí kò bá sí, ẹ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ ná.

Ọ̀dọ̀ fáànù ni mo máa ń ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bẹ̀rẹ̀, torí kò fi nǹkan pa mọ́ fúnni, ìdáhùn rẹ̀ sì máa ń yá. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ń kùn hùùù ṣùgbọ́n tí kò yí. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ògiri, ẹ má kàn pa á lórí bọ́tìnì lásán. Ẹ wá fi ìka kan ti abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Tó bá yí fàlàlà, tó sì rọra dúró, ara irin rẹ̀ le. Kàpásítọ̀ ni ẹ máa fura sí. Tó bá dúró lójú ẹsẹ̀ tí ẹ yọwọ́, búṣì ti gbẹ.

Iṣẹ́ tí kàpásítọ̀ yẹn ń ṣe wù mí púpọ̀. Iná tó ń wọ fáànù kì í lọ lójú kan. Ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó ń fà síwájú, tó tún ń fà sẹ́yìn lójú ìlà kan náà, kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí nǹkan, á kàn mú un gbọ̀n ni. Ìyẹn ni kíkùn tí ẹ ń gbọ́. Àwọn tó ṣe fáànù wá wé kọ́ìlì kejì sí i, wọ́n fi kàpásítọ̀ sí ojú ọ̀nà rẹ̀, kí àkókò tí kọ́ìlì yẹn ń fà lè yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Bí èyí ṣe ń fà tán ni ìyẹn ń gbà á, ọ̀pá àárín á sì máa bá wọn yí. Nígbà tí kàpásítọ̀ bá ti rẹ̀, fáànù á máa lọ́ra, ẹ ó ní ogbó ló ń ṣe é. Nígbà tó bá kú tán, àfi kí ẹ fi ọwọ́ ti abẹ̀bẹ̀ kó tó gbéra. Àpótí dúdú kékeré oníwáyà méjì ni, ó wà lẹ́yìn ẹ̀ńjìnnì fáànù tàbí nínú ìdí bọ́tìnì rẹ̀. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀: 1.5, 2 tàbí 2.5, pẹ̀lú fóltì tó lè gbà. Iye tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ rà. Ẹni tó bá ra èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ kí fáànù lè máa fẹ́ gidi ń se kọ́ìlì náà ni.

Bí ó bá jẹ́ búṣì, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹ yọ àwọ̀n iwájú. Nọ́ọ̀tì oníke tó di abẹ̀bẹ̀ mú, òdì ni wọ́n ń tú u nínú ọ̀pọ̀ fáànù: apá ọ̀tún ni ẹ máa yí i sí kó tó tú. Aláìmọ̀ á máa fi ipá yí i sí òsì títí á fi fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá dé ibi ọ̀pá, ẹ wo ẹnu ibi tó ti jáde nínú ẹ̀ńjìnnì, ẹ ó bá irun orí, òwú àti eruku tó ti wé mọ́ ọn, tó ti dì bí ìdọ̀tí etí. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ rọra ṣí i kúrò, ẹ nu ọ̀pá náà títí á fi dán, kí ẹ wá kán epo máṣíìnì ìránṣọ sí ẹnu búṣì níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ yí i títí epo á fi wọlé. Epo máṣíìnì ni mo wí. Òróró tí a fi ń dín dòdò kò ṣe é fi sí i. Á yọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fi sí i, nígbà tó bá yá á dì mọ́ eruku, á di àtè, fáànù á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Fáànù tí kò kùn, tí kò gbọ̀n, tí kò ṣe nǹkan kan rárá, nígbà tí wáyà àti bọ́tìnì rẹ̀ pé, fíùsì ooru inú rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Wọ́n fi í pa mọ́ sáàárín kọ́ìlì, wọ́n sì fi òwú dì í. Ooru ni í já a, wọ́n kọ ìwọ̀n ooru náà sí i lára, tó bá sì ti já, kì í so mọ́. Àwọn kan á kàn já a sọnù, wọ́n á so wáyà pọ̀, fáànù á máa fẹ́, wọ́n á gbowó. Ẹ bi wọ́n pé kí ló mú kí ooru pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Búṣì tó gbẹ ni. Ọ̀pá ń lọ́ tìkọ̀, kọ́ìlì ń fi agbára fà á, ooru ń gun orí ooru, fíùsì já kí fáànù má baà jó mọ́ ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó pààrọ̀ fíùsì láì kán epo sí búṣì, tàbí tó yọ fíùsì náà kúrò pátápátá, fi ohun tó ń pa fáànù sílẹ̀, ó sì yọ ohun tó ń gba ilé là.

Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ tí a bá gbá a, tó tún ń dákẹ́ tó bá gbóná, ojú ni wọ́n fi ń wá tirẹ̀. Ẹ yí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dojú dé, ẹ gbé e sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó dáa, kí ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ àwọn nǹkan ńlá inú rẹ̀ ti wọlé. Léèdì tí wọ́n fi lẹ ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, tó bá dáa, máa ń dán, á sì gun ẹsẹ̀ náà lọ sókè díẹ̀. Èyí tó ti bàjẹ́, òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan á yí ẹsẹ̀ náà ká, tínrín bí irun. Títan àti pípa lójoojúmọ́ ló fa òrùka yẹn: irin ń wú nínú ooru, ó ń súnkì nígbà tó bá tutù, títí léèdì fi là. Ẹ fà á mu kúrò, ẹ fi áyọ́ọ̀nù sódà jó tuntun sí i. Kékeré ni iṣẹ́ yìí, ó sì ń jí ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ti pè ní òkú.

Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní ńkọ́, tó ń sọ̀rọ̀ tí kò fi àwòrán hàn? Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ tàn án mọ́ ojú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Bí ẹ bá rí àwòrán tó ń rìn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, ojú tẹlifíṣọ̀n yín kò fọ́. Àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn ló kú. Wọ́n tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn ni, iná inú ọ̀kan ló ń kọjá sínú èkejì. Tí ẹyọ kan bá já, gbogbo wọn á ṣókùnkùn. Ìmọ̀ yìí ni kí ẹ gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi ṣíṣí rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, torí gíláàsì iwájú rẹ̀ kò nípọn rárá, tó bá sì fọ́, kò sí àtúnṣe fún un mọ́. Ohun tó pa wọ́n náà kò ju ooru lọ. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ṣí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé góńgó láti ilé-iṣẹ́ kó lè dán lójú ọjà. Ẹ wọ inú sẹ́tíìńsì rẹ̀, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn kù, á pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí apá tó kàn yìí dáadáa. Ẹ̀rọ tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lè ṣì ní iná nínú. Kàpásítọ̀ ńlá tó wà létí ibi tí iná ti ń wọ tẹlifíṣọ̀n tàbí ṣájà ńlá máa ń tọ́jú bíi fóltì 325 pa mọ́, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó yọ ikùn sẹ́yìn, fóltì tó wà lórí gíláàsì rẹ̀ ń lọ sí 25,000. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni máíkírówéèfù. Ó kéré lójú, ilé ìdáná ló ń jókòó sí, ṣùgbọ́n iná inú rẹ̀ kọjá fóltì 2,000, ó sì ní agbára tó lè dá ọkàn dúró. Èmi kò kọ́ onílé kankan ní bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Tí fíùsì púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bá dáa, tí kò sì ṣiṣẹ́, ẹ gbé e fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Bátìrì iná àtùpà tàbí ti fóònù tó bá ti wú, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì dá ṣájà padà sí i lára.

Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ àtúnṣe lórí fóònù báyìí, ó sì dára. Fídíò á fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń ṣí ẹ̀rọ tí ẹ kò rí irú rẹ̀ rí, á sọ ibi tí ìkọ́ rẹ̀ wà, ẹ ò ní fọ́ ike rẹ̀. Èmi náà máa ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò, inú ilé tí iná kì í lọ ló jókòó sí. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òpó àdúgbò yín lánàá, kò mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ kékeré ni ẹ ti ń lo tẹlifíṣọ̀n yẹn, tí iná rẹ̀ ń lọ sókè tó ń wálẹ̀ bí epo bá ti fẹ́ tán. Á sọ ohun tó kú fún yín. Ohun tó pa á, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lẹ mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé onílé ní ipa tirẹ̀ nínú àtúnṣe, kódà nígbà tí kò bá mọ̀ bí wọ́n ṣe ń di áyọ́ọ̀nù sódà mú. Òun ló gbọ́ ariwo, òun ló gbóòórùn, òun ló mọ̀ pé gílóòbù kọ́rídọ̀ jó lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin oníbàárà ni pé, nígbà tí ẹ bá wá gba ẹ̀rọ yín lọ́dọ̀ wa, ẹ má kàn sanwó kí ẹ máa lọ. Ẹ ní ká fi ohun tí a yọ hàn yín. Ẹ bi wá pé, "Ọ̀gá, kí ló pa èyí?" Ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn. Bí oníṣẹ́ yín kò bá lè dáhùn, ẹ ní kó padà sídìí rẹ̀ kó lọ wò ó dáadáa, kí ẹ tó gbé e délé lọ fi sójú iná.